Owó Fàdákà Orí Ìdodo

Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ní Ẹ̀jìgbò kì í fún èèyàn ní ohunkóhun láìfọ̀ ọ́. Bí ará ilé bá wá yá abọ́, abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n á tún un fọ̀ lójú onítọ̀hún kí wọ́n tó gbé e lé e lọ́wọ́. Iṣu tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àna, wọ́n á fọ erùpẹ̀ ara rẹ̀ kúrò. Ìwà tó dára ni, gbogbo àdúgbò ló sì ń yìn wọ́n fún un. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí ojú mi rí nítorí ìwà dáadáa yẹn.

Ọdún kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn òmìnira ni. Mo ti wà ní yunifásítì nígbà náà, ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́, mo la irun mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì rò pé kò sí ohun tó wà láyé tí n kò ní í mọ̀ bó pẹ́ bó yá. Òyìnbó kan tó ń kọ́ wa ní dúrọ́ọ̀ kan tó kún fún owó àtijọ́. Ó tẹ́ aṣọ dúdú tó rọ̀ sínú rẹ̀, ó sì to àwọn owó náà sórí aṣọ ọ̀hún bí ẹni to ẹyin. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ yá ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú ọ̀kan jáde, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Owó àwọn ará Róòmù ni, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan àti ààbọ̀, kò sì tóbi ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Àwọn tó fi owó yẹn ra oúnjẹ, àwọn tó jà nítorí rẹ̀, àwọn tó ṣépè nígbà tó já bọ́ lápò wọn, gbogbo wọn ti kú, èdè wọn pàápàá ti kú, owó náà sì wà lọ́wọ́ ọmọ Ẹ̀jìgbò kan, ó tutù minimini. Ọjọ́ yẹn ni nǹkan ọ̀hún wọ̀ mí lára.

Olùkọ́ náà kò fún mi ní òfin ju méjì lọ. Etí owó ni kí n máa dì mú, kí òógùn ọwọ́ má bàa ba ojú rẹ̀ jẹ́. Èkejì, n kò gbọ́dọ̀ fọ owó àtijọ́ láéláé. Ó ní àwọ̀ dúdú tó bò ó kì í ṣe ìdọ̀tí, aṣọ tí ọjọ́ orí dá fún un ni. Bí èèyàn bá bọ́ aṣọ náà lára rẹ̀, kò sí télọ̀ tó lè rán òmíràn.

Nígbà tí a gba ìsinmi gígùn, mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó tiwa jọ. Nígbà yẹn àwọn owó tuntun ti ń gba ọjà, àwọn ti àtijọ́ sì ti ń wọ ìsàlẹ̀ àpótí lọ. Mo rí àníní, owó tí kò tó nǹkan rárá, tó ní ihò láàárín bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo rí kọ́bọ̀ tó ní ihò, ìràwọ̀ sì yí ihò náà ká. Mo rí ṣílè tí wọ́n fi ojúlówó fàdákà rọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn pupa wọ̀nyẹn, orí ọba lójú kan, igi ọ̀pẹ lójú kejì. Àwọn àgbàlagbà ń tú u láti ìdí etí aṣọ wọn fún mi, wọ́n sì ń wò mí pẹ̀lú àánú. Mo máa ń jókòó sábẹ́ igi ọsàn, kí n di ojú mi, kí n máa fi àtàǹpàkò wá orí ọba kiri. Ṣílè tó ti kọjá ní ọ̀pọ̀ ọwọ́ máa ń dán níbi imú ọba àti lẹ́bàá etí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló yọ sókè jù, ibẹ̀ ni ìka gbogbo ayé sì ti ń kàn. Èèyàn lè fi ìka mọ̀ ọ́n láìwò ó. N kò tíì rí ohun mìíràn tí mo lè fi ṣe àpèjúwe ìgbádùn yẹn fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá bọ àgbàlagbà kan lọ́wọ́ nínú òkùnkùn, tí kò rí ojú rẹ̀, síbẹ̀ tó mọ̀ pé àgbẹ̀ ni.

Àwọn ìyàwó ilé wa kò gbádùn kankan nínú rẹ̀. Wọn kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà wọ́n sọ mí ní Akówójọ-Má-Ná.

“Akówójọ-Má-Ná, ẹ kú iṣẹ́ o,” ni wọ́n ń wí bí wọ́n bá ń kọjá lọ sí odò. “Ṣé ẹ ti rí èyí tó dàgbà tó láti gbéyàwó nínú wọn?”

Mo fara dà á. Ohun tí n kò lè fara dà ni èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbàgbé agolo bisikíìtì tí mo ń kó wọn sí sínú yàrá Ìyá àgbà. Nígbà tí mo dé láti oko, mo bá gbogbo owó mi lórí àtẹ ní àárín àgbàlá, oòrùn ń ta sí wọn lára, wọ́n ń dán bí eyín ọmọdé. Ìyá àgbà jókòó tì wọ́n, inú wọn dùn.

“Ìyá, kí lẹ fọ̀ báyìí?”

“Owó rẹ ni, ọkọ mi. Ó dọ̀tí kọjá sísọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ṣe ń gbé ẹ̀gbin káàkiri ní yunifásítì yẹn? Mo fi eérú bó o, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, èyí tó lágídí nínú wọn, mo fi iyanrìn ha á.”

“Ẹ ṣeun, Ìyá.”

Kí ni mo tún lè sọ? Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ ti gé wọn lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi ẹsẹ̀ gbá igi ìdáná kan dànù.

Wọ́n rí i pé inú mi kò dùn, wọ́n sì ṣì í gbọ́. Wọ́n rò pé owó náà ni kò tó mi. Nígbà tí a jẹun tán, wọ́n ní, “Gbogbo èyí tó ò ń kó jọ yìí, kò sí ọ̀kan tó tó Ọba ilé wa.”

Báyìí ni mo ṣe gbọ́ nípa rẹ̀. Bàbá ọkọ wọn ló mú un bọ̀ láti ọ̀nà Kútọnù, nígbà tí àwọn èèyàn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ àwọn Faransé. Owó fàdákà ńlá ni, ó fẹ̀ tó ìdí ife tíì. Orí ọba Faransé kan wà lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo agbo ilé fi ń pe owó náà ní Ọba. Kò sì sí nínú àpótí kankan. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Bí ọmọ tuntun kan bá ní ìdodo tó yọ gọngọ síta, wọ́n á fi òrí pa ìdodo náà, wọ́n á gbé Ọba lé e, ojú rẹ̀ á dojú kọ ìdodo, wọ́n á wá fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ dì í yí ikùn ọmọ ká. Bó bá ṣe oṣù mélòó kan, ìdodo a wọlé. Àwọn ilé mìíràn ń fi ṣílè lásán ṣe é. Tiwa ló wúwo, nítorí náà àwọn ọmọ wa tó lọ́kọ sí ìlú Ara àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn pàápàá ń ránṣẹ́ wá gbé e.

“Ṣé ẹ máa ń fọ̀ ọ́, Ìyá?”

Wọ́n wò mí bí ẹni tí mo bi bóyá wọ́n ń wẹ̀.

“Ọmọ méjìlélógún ló ti lò ó lójú èmi yìí. Kò sí ọ̀kan tí mi ò fi eérú àti ọsàn bó o fún kó tó kan ara rẹ̀.”

“Ṣé èmi náà lò ó?”

“Ìwọ?” Wọ́n pàtẹ́wọ́. “Ìdodo tìrẹ ló lágídí jù. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni Ọba fi jókòó lé ọ lórí.”

N kò sùn dáadáa fún ọjọ́ méjì. Owó bí èyí, tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti ha á ní ìgbà méjìlélógún! Bí wọ́n bá tún fún un ní eérú lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta sí i, kò ní í ku ohun tí ojú lè kà lára rẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí n ka ọdún tí wọ́n rọ ọ́, kí n sì gbà á lọ́wọ́ eérú kí ọdún náà tó pa rẹ́.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ó ti bá ọkọ rẹ̀ gbé Abíjàn fún ọdún mẹ́ta, ó wálé wá bímọ, ó sì ti gbé ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìsundunrin. Mo gun kẹ̀kẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ṣéènì já bọ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo dé, eruku ti sọ mí di arúgbó, mo sì bá bàbá ìyàwó, àgbẹ̀ àgbàlagbà kan tó jẹ́ mùsùlùmí, tó jókòó síbi tó ti ń lọ́ okùn.

“Ẹ kú ìjókòó, Bàbá.”

“Àna mi! Ṣé kò sí o?”

“Kò sí, Bàbá. Owó tó wà lórí ìdodo ọmọ ni mo wá wò.”

Ó fi okùn sílẹ̀. “Láti Ẹ̀jìgbò?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Lórí kẹ̀kẹ́ yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Ó yíjú sí inú ilé, ó ké sí ọmọ rẹ̀. “Gbé ọmọ jáde o! Yunifásítì rán èèyàn wá wo ìdodo rẹ̀.”

Ìyàwó jáde pẹ̀lú ọmọ lápá. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo bá wá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Akówójọ-Má-Ná! Ẹ ti kó ti inú ilé tán, ó wá kan ti ara ọmọ?”

Ṣùgbọ́n ó ṣàánú mi. Ó ti tó àkókò ìwẹ̀ ọmọ, ó sì tú ọ̀já náà, ó mú Ọba lé mi lọ́wọ́. Ó móoru. Mo ti di owó Róòmù mú rí, ó tutù. Ọ̀kan yìí gbóná bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, ó ń rùn fún òrí àti ọmọ tuntun. Mo di etí rẹ̀ mú bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ọba náà dé adé ewé, irun rẹ̀ ti lọ, ojú rẹ̀ ti fọ́, etí rẹ̀ nìkan ló ṣì dúró ṣinṣin. Mo yí i padà. Ewé yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká, ọdún sì wà nísàlẹ̀: oókan, ẹẹ́jọ, ẹẹ́ta, lẹ́yìn náà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lè jẹ́ ohunkóhun. Àmì kéékèèké méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún náà, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Àwọ̀ dúdú díẹ̀ ṣì wà nínú kọ̀rọ̀ àwọn nọ́ńbà, níbi tí eérú kò dé.

Mo yọ ẹyọ owó kan tó jẹ́ ṣílè méjì lápò, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ní orí ọbabìnrin, mo bẹ ìyàwó pé kó jẹ́ ká fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ó gbé ọ̀kan lé ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé ọ̀kan lé ọwọ́ òsì.

“Èyí fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Nọ̀n!” Faransé ti wọ ẹnu rẹ̀, pàápàá bó bá fẹ́ kọ nǹkan.

“Ká wá fi méjèèjì léra wọn ńkọ́? Kí tuntun kan ara ọmọ, kí Ọba wà lókè, kí eérú má—”

Bàbá rẹ̀ dá sí i láti ibi okùn rẹ̀. “Ọba kan, ọbabìnrin kan, lórí ìdodo kan? Wọ́n á gbé ara wọn níyàwó, iṣẹ́ á sì dúró.”

Mo wá bẹ̀ ẹ́ nípa èyí tó kéré jù. Mo ní kó jọ̀wọ́, kó má tún fi eérú àti ọsàn bó o mọ́. Ẹ̀rín kúrò lójú ìyàwó.

“Ẹ fẹ́ kí n gbé ìdọ̀tí lé ìdodo ọmọ mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé?”

Ní ìsinmi tó ṣáájú, èmi yìí kan náà ni mo dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa tí mo ń kọ́ àwọn abiyamọ nípa ìmọ́tótó àti kòkòrò tí ojú kò lè rí. Òun náà wà níbẹ̀. Ó gba ohun tí mo wí gbọ́, ó sì ń fi í lù mí lórí báyìí. Mo wá ọ̀nà títí. Níkẹyìn mo ní omi tó hó ló ń pa kòkòrò, kì í ṣe eérú. Kó máa gbé Ọba sínú omi tó ń hó, kó má fi nǹkankan ha á. Ó ronú sí i, ó ní, “Dakọ̀ọ̀.” Ìyẹn ni pé ó gbà.

Nígbà tí mo padà délé, mo dọ̀bálẹ̀ síwájú Ìyá àgbà, mo ní kí wọ́n fún mi ní Ọba bí ìdodo ọmọ yẹn bá wọlé.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Kí n máa tọ́jú rẹ̀, Ìyá.”

“Èmi náà ń tọ́jú rẹ̀.”

“Ẹ ń fọ̀ ọ́ ni, Ìyá.”

“Kí wá ni ìtọ́jú?”

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi fà á. N kò mọ ohun tó yí wọn lọ́kàn padà, bóyá ojú mi tó ń rí bí ti ẹni tó ń ṣàìsàn ni. Wọ́n ní mo lè máa tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà kì í ṣe tèmi. Ọmọ tó bá ní ìdodo nínú ilé wa ló ni ín. Ibikíbi tí mo bá wà, bí wọ́n bá ránṣẹ́, èmi fúnra mi ni màá gbé e wá. Mo tètè gbà. Ìyàwó sì pa àdéhùn mọ́. Nígbà Kérésìmesì wọ́n gbé Ọba fún mi, àwọ̀ dúdú ṣì wà nínú kọ̀rọ̀ nọ́ńbà rẹ̀.

Olùkọ́ mi fi awò wò ó títí. Ó ní nọ́ńbà ìkẹyìn lè jẹ́ oókan, ó lè jẹ́ ẹẹ́rin, ó lè jẹ́ eéje. Ó ní àmì kéékèèké méjì yẹn ló máa sọ òtítọ́, nítorí wọ́n ń yí wọn padà láti ìgbà dé ìgbà gẹ́gẹ́ bí ilé tí wọ́n ti rọ owó àti ọ̀gá tó wà níbẹ̀. Ìwé kan wà ní ìlú rẹ̀ tó to gbogbo wọn. Ó ń lọ sílé fún ìsinmi, yóò wá ìwé náà rí, yóò kọ̀wé sí mi. “Ṣáà tọ́jú àwọn àmì yẹn,” ló wí. Mo gbé bébà lé owó náà, mo fi pẹ́ńsù kùn ún, ṣùgbọ́n àmì méjèèjì kéré jù, kò hàn lórí bébà ju bí ìgbà tí kòkòrò tọ̀ síbẹ̀ lọ. Ojú owó nìkan la gbẹ́kẹ̀ lé.

Olùkọ́ náà lọ, kò padà. Lẹ́tà rẹ̀ ń wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ìwé. Èmi náà gba oyè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tíṣà ní ìlú kan tó jìnnà sí ilé. Ibẹ̀ ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Èèyàn tó ń kó owó àtijọ́ jọ níbòmíràn, bó bá ti tì í mọ́ dúrọ́ọ̀, ó parí. Tèmi, dírẹ́bà lọ́rì á wá kan ilẹ̀kùn ilé tíṣà: “Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ìdodo ti yọ ní Ara.” Màá tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé. Ó bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ta ni mo fẹ́ bá sọ òtítọ́? Màá fi Ọba sínú ìbọ̀sẹ̀, màá wọ lọ́rì, màá mì láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ní Ara, ìyá ọkọ ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn de Ọba. Mo gbé ìkòkò kaná fúnra mi, mo fi ṣíbí gbé owó sínú omi, mo dúró tì í bí ọlọ́pàá. Ìyá náà ń wò mí.

“Ṣé wọn ò kọ́ ọ ní iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀?”

“Wọ́n kọ́ mi, Ìyá.”

“Ó dáa.”

Bó bá di oṣù mẹ́rin, màá tún padà lọ gbé e. Ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ó wù wọ́n débi pé wọ́n fẹ́ lu ihò sí i lára kí wọ́n lè fi okùn so ó mọ́ ìdí ọmọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ní ọdún kan, owó náà lo ọjọ́ púpọ̀ lórí ìdodo ju èyí tó lò lọ́dọ̀ mi lọ. Àgara dá mi. Dókítà kan tí mo bá pàdé sọ fún mi pé púpọ̀ nínú ìdodo bẹ́ẹ̀ ń wọlé fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún mélòó kan, owó kò sí níbẹ̀, omi kò sí níbẹ̀. Mo gbé ìròyìn náà délé tayọ̀tayọ̀. Ìyá àgbà gbọ́ ọ dé òpin.

“Ìdodo tìrẹ, ṣé kò wọlé ni?” ni ohun tí wọ́n bi mí.

Mo gbéyàwó kí ọdún wọ̀nyẹn tó parí. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Nígbà tí a bí ọmọkùnrin wa àkọ́kọ́, ìdodo rẹ̀ yọ bí àtàǹpàkò àgbàlagbà. Èmi àti ìyàwó mi wò ó, a wo ara wa, a rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Á wọlé fúnra rẹ̀.” Mo ní, “Mo mọ̀.”

Ìyá àgbà bọ́ sílẹ̀ láti inú lọ́rì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n wá kí ọmọ. Arúgbó ti dé sí wọn nígbà náà. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, orúnkún ń dùn wọ́n. Wọ́n fọwọ́ pa ikùn ọmọ, wọ́n kan ìdodo, wọ́n ní kí n gbé Ọba wá. Mo sè é nínú omi tó ń hó, mo gbé e wá. Ìyá àgbà fi àtàǹpàkò wá orí ọba náà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe lábẹ́ igi ọsàn. Ọdún mélòó kan ló ti wà láìrí eérú, àwọ̀ dúdú ti tún bò ó dáadáa.

“Ó ti rí bí ìdí ìkòkò,” ni wọ́n wí.

“Omi tó hó ti tó o, Ìyá. Omi tó hó ni gbogbo wọn ń lò báyìí.”

“Mo gbọ́. Ó tó fún àwọn ọmọ yẹn.” Wọ́n fi ọwọ́ ti ògiri, wọ́n fẹ́ dìde. “Níbo ni ìyàwó ń kó eérú sí?”

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo gba Ọba lọ́wọ́ wọn, mo gbé e sún mọ́ ikùn ọmọ mi láti fi hàn wọ́n pé kò sí nǹkan. Dúdú owó náà hàn lára ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn bí ojú ọgbẹ́. Mo mọ ìwé tí mo kà. Mo mọ̀ pé mo ti sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé ìdodo náà kò nílò rẹ̀ rárá. Ọwọ́ mi kàn kọ̀ láti gbé e sílẹ̀ síbẹ̀.

Mo lọ sí ilé ìdáná. Mo bu eérú, mo gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń ṣe é: inú ń bí mi sí Ìyá àgbà, sí olùkọ́ tó ń wá ìwé kan ṣoṣo láti gbogbo ọdún yìí wá, sí ara mi jù. Omi dúdú ń ṣàn láàárín ìka mi. Mo sọ fún ara mi pé ojú ọba nìkan ni màá fọ̀, n kò ní í fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni í fọ ìdajì nǹkan fún ọmọ rẹ̀? Mo yí i padà. Mo fi ọsàn ra ibi tí àwọn àmì wà, díẹ̀díẹ̀ ní àkọ́kọ́. Nígbà tí mo fi omi ṣàn án, mo gbé e síta sínú oòrùn. Oókan àti ẹẹ́jọ ṣì wà. Ẹẹ́ta ti di òjìji. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, lápá òsì àti lápá ọ̀tún, fàdákà náà mọ́ lóló, ó tẹ́jú, kò sí nǹkankan níbẹ̀.

Ìyá àgbà tún fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò. “Ẹ̀n-ẹ́n,” ni wọ́n wí, wọn kò tilẹ̀ dúpẹ́. Wọ́n fi òrí pa ìdodo, wọ́n gbé Ọba lé e, wọ́n fa ọ̀já náà yí i ká. Ọmọ náà tọ̀ sí gbogbo wa lára.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti òkè òkun. Olùkọ́ mi ti rí ìwé náà. Ó ti fi ọwọ́ ya àmì tó ya ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sọ́tọ̀ fún mi pẹ̀lú yíǹkì, ó ya wọ́n tóbi, ó ya wọ́n dáadáa: ẹyẹ kékeré kan, ìdákọ̀ró kan, igbá ìwọ̀n kan. Ó ní kí n sọ fún òun èyí tó bá ti tèmi mu. Mo jókòó ti lẹ́tà náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo mú bébà, mo kọ èsì. Mo kí i, mo bi í léèrè nípa òtútù ìlú wọn, mo sì sọ fún un pé a ti bí ọmọkùnrin kan, pé ara rẹ̀ le, àti pé ìdodo rẹ̀ ti ń wọlé.